Ẹ̀wù Alápò Méjì

Bí ìjọba bá fẹ́ fìyà jẹni láyé ogun náà, orúkọ tó dùn létí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọni. Àwọn ọkùnrin tí sójà ká mọ́ inú ìlú wọn ní ìdájí, tí wọ́n so mọ́ra wọn lókùn bí ìdì igi ìdáná, tí wọ́n wọ́ gba inú omi àti inú ẹrẹ̀ títí dé etí irà tí ọ̀nà ojú ogun fẹ́ gbà kọjá, Ẹgbẹ́ Olùyọ̀ǹda ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó gbàgàdà, wọ́n kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà àgọ́. Oníyọ̀, tó ti ń ta iyọ̀ káàkiri kí ogun tó dé, tí kò sì sí ìyà tó lè pa á lẹ́nu mọ́, wo pátákó náà lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án. Ó ní, "Ẹ wá wò ó, a ti yọ̀ǹda ara wa, ẹnikẹ́ni ò sì ráyè sọ fún wa."

Télọ̀ wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín. Kí ogun tó dé, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń jókòó sí, tẹ́ẹ̀pù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu, tí ó ń rán aṣọ ìyàwó àti aṣọ ọkọ. Ní àgọ́ yìí, gẹdú ló ń fà. Irà iwájú wọn kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé lé e ló ń gbé mì, nítorí náà ìtì gẹdú ni wọ́n ń tẹ́ lé e lórí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kí sójà àti àgbá ìbọn wọn lè ríbi kọjá. Okùn á wà léjìká àwọn tó ń fà á, ojú wọn á kọ síwájú, gẹdú á máa yí bọ̀ lẹ́yìn lórí igi róbótó. Bí ẹnì kan bá gbẹ́sẹ̀ ṣáájú àwọn yòókù, okùn á dẹ̀ lápá kan, gẹdú á fẹ̀gbẹ́ yọ, ibi tó bá sì yọ sí, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí kì í jẹ́ kó yọ ni Adárin. Òun ló ń pe orin iṣẹ́. Òun nìkan ni kì í fa okùn, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń dúró sí níbi tí ojú rẹ̀ ti ká gbogbo wọn.

"Ta ló bí wa?" ni yóò bi wọ́n.

"Ìyá ló bí wa."

"Níbo là ń lọ?"

"Iwájú."

"Ó di gbàà."

Lórí gbàà yẹn ni gbogbo ẹsẹ̀ ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ìpè kan sí èkejì, á máa kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yìn wọn má bàa rọ. Ó ní, "Oníyọ̀, ìwọ tí ò jẹ́ kí ọbẹ̀ ayé ó tẹ́." Bó bá dé orí Télọ̀, á rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, á ní, "Abẹ́rẹ́ kékeré tí kì í ṣe mímì f'ádìẹ." Ìyá kan náà ló bí òun àti Télọ̀. Adárin ni ẹ̀gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa àwọn méjèèjì, kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe dunni tó. Nígbà tí wọ́n ń kó wọn bọ̀ láti ìlú, ibà dá Télọ̀ dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà. Sójà ní kí wọ́n tú u kúrò nínú okùn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún igún. Adárin ò bá wọn jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn bí abiyamọ, ó gba inú omi kọjá pẹ̀lú rẹ̀, ó ń kọrin lọ kí Télọ̀ má bàa sùn lọ pátápátá. Orin yẹn ni Ọ̀gágun àgọ́ gbọ́ tó fi fi í ṣe adárin. Láti ọjọ́ náà, bí ènìyàn bá bú Adárin lójú Télọ̀, àfi kó múra ìjà.

Nípa ti ìpè, ẹnì kan ti ṣáájú rẹ̀ rí. Àgbẹ̀ kan tó ti dàgbà ni, ẹrẹ̀ tó ń yọ̀ ló fà á lẹ́sẹ̀ tó fi gbẹ́sẹ̀ kí gbàà tó jáde lẹ́nu Adárin. Gẹdú yọ, ó sì gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀kan ni wọ́n ń pè é báyìí, òun ló ń bá wọn se oúnjẹ. Gbogbo wọn ló gbọ́ bí egungun yẹn ṣe dún. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ wọn ò jẹ́ tiwọn mọ́. O lè gbá ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn níbi tó gbé gbé okùn kọ́ èjìká, kò ní gbéra. Ó di ìgbà tí Adárin bá pè.

Ọ̀nà ti ń parí lọ, ohun tó sì ń bà wọ́n lẹ́rù jù nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó la apá ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà, bí iṣẹ́ wọn ṣe parí báyìí ni wọ́n di àpótí ọta lé wọn lórí, wọ́n kó wọn lọ sí ojú ogun, níbi tí àwọn sójà fúnra wọn ń bẹ̀rù àtilọ. Kò sẹ́ni tó gbúròó wọn mọ́. Gẹdú tó kù ní etí irà kò tó nǹkan mọ́, Télọ̀ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá tẹ́ èyí tó kẹ́yìn, ó parí fún àwọn.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti jọ ṣàdéhùn pé ìjọba kankan ò gbọdọ̀ fipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́, ogun ì báà máa jà. Ìjọba tiwọn náà tọwọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Nítorí náà, lọ́dọọdún, olùbẹ̀wò kan ń ti òkèèrè wá láti wò ó bóyá wọ́n ń pa àdéhùn mọ́. Bí olùbẹ̀wò bá fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ipá ni, ilé iṣẹ́ rẹ̀ lágbára láti ní kí wọ́n ṣí àgọ́ náà sílẹ̀, ìjọba sì ń bẹ̀rù ìyẹn, torí pé àwọn orílẹ̀-èdè yìí ló ń ta ìbọn fún un.

Ọdún tó kọjá, olùbẹ̀wò wá. Ó tò wọ́n sórí ìlà, ó ní kí ẹni tí wọ́n bá fipá mú bọ́ síwájú. Alágbẹ̀dẹ kan bọ́ síwájú, òun nìkan. Olùbẹ̀wò bá a sọ̀rọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ̀wé, ó lọ. Ẹnì kan tó ń ráhùn láàárín gbogbo wọn, kí ló máa jọ lójú olùbẹ̀wò? Ó jọ ọ̀lẹ. Eruku mọ́tò rẹ̀ ò tíì bálẹ̀ tí wọ́n fi mú alágbẹ̀dẹ lọ sẹ́yìn ilé ìkó-nǹkan-sí, bàtà rẹ̀ nìkan ló padà wá.

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an ni àwọn ọkùnrin náà máa ń rí àyè ṣe ìgbìmọ̀, torí pé sójà ò fẹ́ kí òjò pa wọ́n. Wọ́n á sá sí abẹ́ òrùlé wọn, àwọn tó ń fa gẹdú á sì kóra jọ sí abẹ́ tapólì, aṣọ rọ́bà tí wọ́n ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹdú. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbọ́ pé olùbẹ̀wò ti ń bọ̀, abẹ́ tapólì yẹn ni Télọ̀ ti gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ kalẹ̀.

"Wọn ò lè kó gbogbo wa lọ sẹ́yìn ilé," ó ní. "Tí gbogbo wa bá bọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni wọ́n fẹ́ wí?"

"Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyẹn," ni Oníyọ̀ dáhùn. "Ta ló máa kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀? Èmi? Kí n bojú wẹ̀yìn, kí n rí i pé ẹ̀yin ṣì ń rò ó? Bàtà mi ò dáa tó èyí tí wọ́n ń dá padà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí pé òótọ́ ló sọ.

"Kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀," ni Télọ̀ wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló máa pè. Bí olùbẹ̀wò bá ti béèrè ìbéèrè rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi sọ gbàà. Ṣé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ti kùnà lórí gbàà rí?"

Ó bá wọn lára mu. Kódà ẹni tí ẹ̀rù ń bà jù mọ̀ pé bí òun bá gbọ́ ìpè yẹn, ẹsẹ̀ òun á ti gbéra kí ọkàn òun tó rántí láti bẹ̀rù. Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀kan nìkan ló ń gbọn orí.

"Ọmọ mi," ó ní, "gbogbo wa pátá, ẹnu ẹnì kan. Bí ẹnu yẹn bá dákẹ́ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ka Télọ̀ lára. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹni tó pọ̀n mí gba inú odò kọjá lẹ̀ ń sọ yẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ò bú u. Ìbéèrè ni mo béèrè."

Adárin kò bínú. Ó na ọwọ́ sí okùn tó wà nílẹ̀, ó dì í mú, àwọn yòókù náà sì dì í mú, wọ́n búra lórí okùn tó ti bó gbogbo wọn léjìká. "Ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ," ni Adárin wí, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n. Wọ́n tún un sọ tẹ̀lé e. Nínú gbogbo wọn, Télọ̀ ló sọ ọ́ sókè jù.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yọ Télọ̀ kúrò nídìí okùn. Ọ̀gágun gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí wọ́n jí kó níbì kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kó rán ẹ̀wù tuntun fún gbogbo Olùyọ̀ǹda kí àlejò tó dé. Aṣọ funfun gbàǹgbà ni, kò sí ọrùn, kò sí àpò, kí ni ẹlẹ́wọ̀n fẹ́ fi àpò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù kan wà tí ọmọ ọ̀dọ̀ Ọ̀gágun wá bá a sọ lọ́tọ̀. Aṣọ tó nípọn ni wọ́n fẹ́ fi rán èyí, ó ní ọrùn, ó ní bọ́tìnì, àpò méjì láyà. Ó gbé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́ fún un: kókó ibí fún èjìká, kókó ọ̀hún fún apá.

Télọ̀ nà án sórí tábìlì. Apá náà gùn ju bó ṣe yẹ fún èjìká yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì tú apá aṣọ yẹn nígbà náà torí pé kò gbà gbọ́ pé apá ènìyàn lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹni tó ni ìwọ̀n yìí. Ọkàn rẹ̀ ló sọ fún ọwọ́ pé kó dákẹ́, ó ní ayé kún fún alápá gígùn, ó ní bóyá sójà kan ni. Ó rán an. Ó sì rán an dáadáa pàápàá, torí pé ó pẹ́ tí aṣọ gidi ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ó gbóòórùn ọṣẹ lára Adárin. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó wo lẹ fẹ́ gbé?" Adárin rẹ́rìn-ín, ó ní omi òjò ni. Bí ènìyàn bá nífẹ̀ẹ́ ẹni, kò sí irọ́ tó tóbi jù fún un láti gbé mì.

Olùbẹ̀wò dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìkùukùu ṣú bolẹ̀. Obìnrin àgbà kan ni, fìlà ẹlẹ́tí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí rẹ̀, ògbufọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ń nu awò ojú rẹ̀ ṣáá. Àwọn sójà ti kó pàṣán wọn pamọ́, wọ́n ti fi ẹfun kun ara ilé. Ẹní tuntun wà nílẹ̀ ibi tí wọ́n ń sùn, wọn ò tíì tú okùn tí wọ́n fi dì í láti ọjà. Obìnrin náà wo ẹní, ó wo ìkòkò oúnjẹ, ó bi Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀kan pé báwo lara. Bàbá wo sójà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní adúpẹ́.

Wọ́n tò sórí ìlà nínú ẹ̀wù funfun. Adárin kò sí lórí ìlà. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti pè é sí ọ́fíìsì Ọ̀gágun. Oníyọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún Télọ̀, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ̀gbọ́n ẹ dà?" Télọ̀ ní, "Ó ń bọ̀." Ó dá a lójú.

Ó bọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yìn Ọ̀gágun ló ti yọ, ó ti gẹrun, ó wọ ẹ̀wù alápò méjì. Apá ẹ̀wù náà bá a mu rẹ́gí. Télọ̀ dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ìrètí kì í tètè kú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé wọ́n kàn fi aṣọ tan Ẹ̀gbọ́n ni, pé orin ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Olùbẹ̀wò sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ tú u. "Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tí wọ́n fipá mú, tó fẹ́ máa lọ sílé, kó jọ̀ọ́, kó bọ́ síwájú."

Gbogbo ọkùnrin tó wà lórí ìlà mú ara le, bí ẹni tí okùn wà léjìká rẹ̀. Wọ́n ń retí ìpè. Gbogbo wọn ń wo ẹnu ẹnì kan.

Adárin la ẹnu. "Màmá, ẹ kú ìrìn," ó ní. "Èmi ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ yìí. Ìfẹ́ ìlú wa ló gbé wa wá síbí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ló ń lọ, ẹni tó bá fẹ́ dúró ló ń dúró."

Ó sì dákẹ́.

Télọ̀ ní kí ẹsẹ̀ òun gbéra. Ó pàṣẹ fún un, ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u nínú ara rẹ̀, ẹsẹ̀ ò lọ. Ẹsẹ̀ tó ti kọ́ pé ikú ló wà nínú gbígbéra ṣáájú ìpè, kí ló fẹ́ gbọ́? Lápá ọ̀tún rẹ̀, ó gbọ́ tí Oníyọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sẹ́ni tó mira. Olùbẹ̀wò béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ìdákẹ́jẹ́ yìí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀. Ó kọ èyí tó gbọ́. Ọ̀gágun ní kó wá mu nǹkan tútù kó tó máa lọ.

Nígbà tí wọ́n tú ìlà ká, Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀kan ò sọ pé ṣebí mo wí. Ó kàn gbé ọwọ́ lé Télọ̀ léjìká, ó ní, "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani," ó sì tirọ̀ lọ sídìí ìkòkò rẹ̀. Ì bá sàn kó gbá Télọ̀ létí.

Ìdí àgbá omi ni Adárin ti wá bá a. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

"Di ẹrù ẹ," ó ní. "Mo ti bá Ọ̀gágun parí ẹ̀. Àwa méjèèjì la máa wọ mọ́tò obìnrin yẹn lọ. Ọ̀gágun fẹ́ kí obìnrin náà fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹni tó bá fẹ́ lọ ń lọ. Ó ku ìyá wa nìkan nílé, Télọ̀. Àwa méjì péré ló bí."

Télọ̀ ń wo bọ́tìnì ẹ̀wù náà.

"Ṣé o gbọ́? Àti pé o ò gbọdọ̀ lanu nínú mọ́tò. Bí o bá sọ nǹkan kan, àwọn tó kù síbí ni wọ́n máa fi san án."

"Ẹ̀yin lẹ búra," ni Télọ̀ wí.

"Mo búra. Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá pè, tí obìnrin yẹn tún kọ̀wé, tó tún lọ ńkọ́? Ta ló máa pọ̀n ẹ́ nígbà yẹn? Torí ẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe àwáwí. Ẹ rí i pé mo ń rán ẹ̀wù yìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ẹ ní ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi rán an."

Adárin wo ilẹ̀. "Mo rò pé o ti mọ̀. Ìwọ lo kúkú mọ apá mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Télọ̀ jù, torí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀. Ó sunkún níbẹ̀, lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó lọ mú ẹrù rẹ̀. Kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Nígbà tó ń kọjá níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń fa okùn, kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n yẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ fún sójà.

Irà ò mọ òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sì mọ olùbẹ̀wò. Mọ́tò náà ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rì. Awakọ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń fi ẹrẹ̀ wẹ sójà, ó túbọ̀ ń rì sí i. Obìnrin náà wà lẹ́yìn pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀. Adárin àti Télọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gágun, tí inú rẹ̀ ń dùn lọ́jọ́ yẹn, ké pe àwọn Olùyọ̀ǹda pé kí wọ́n gbé okùn wá. Iṣẹ́ wọn kúkú ni. Wọ́n so okùn mọ́ iwájú mọ́tò, wọ́n gbé e kọ́ èjìká, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yìn wọn sí olùbẹ̀wò, ẹ̀wù funfun ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Ọ̀gágun mi orí sí Adárin.

"Ta ló bí wa?" ni Adárin pè.

Ìdáhùn náà kéré, ó wúwo. "Ìyá ló bí wa."

Nígbà tí Télọ̀ gbọ́ ọ ni inú bí i tó fi kọjá ẹkún. Ẹnu tó dákẹ́ láàárọ̀ nígbà tí ẹ̀mí gbogbo wọn wà lórí rẹ̀, ẹnu yẹn náà ló tún yá láti pe orin báyìí, torí mọ́tò. Ó ju ẹrù rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó rìn bọ́ sí iwájú mọ́tò.

"Ẹ sọ okùn kalẹ̀," ó ní. "Ẹ yíjú sí mi."

Ohùn ìyá kan náà ni. Kò dán tó ti ẹ̀gbọ́n, ó sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n inú kan náà ló ti wá, ara wọn sì mọ̀ ọ́n. Okùn bọ́ sílẹ̀. Wọ́n yíjú padà.

"Ta ló bí wa?"

"Ìyá ló bí wa."

"Télọ̀," ni Adárin sọ pẹ̀lẹ́, "ṣe sùúrù."

"Níbo là ń lọ?"

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti mú wọn ni iwájú, iwájú sì ni ojú ogun. Òjò ń rọ̀. Oníyọ̀ ló sọ ọ́, aláwàdà, ohùn rẹ̀ ò sì ní ẹ̀rín kankan.

"Ilé."

"Ilé," ni àwọn yòókù wí.

"Ó di gbàà."

Gbogbo ẹsẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣísẹ̀ kan náà ni, sí ọ̀dọ̀ mọ́tò, ẹrẹ̀ sì dún lábẹ́ wọn. Nídìí ìkòkò lọ́hùn-ún, Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀kan fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀, òun náà bọ́ síwájú. Àwọn sójà tó ti ń rẹ́rìn-ín sí ẹrẹ̀ lára ara wọn gbé ìbọn, wọ́n nà án sí wọn, torí pé ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, wọ́n gbàgbé ẹni tó ń wò wọ́n.

Ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ gbé bàtà rẹ̀ mì dé kókósẹ̀. Ó béèrè ohun tí wọ́n wí. Ògbufọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, kò nù ún lọ́tẹ̀ yìí, ó wo Ọ̀gágun, ó wo àwọn ọkùnrin náà, ó sì tú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí.

"Orin iṣẹ́ ni," ni Ọ̀gágun wí kíá. "Olùyọ̀ǹda ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn orin."

Obìnrin náà sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ sì tú ìyẹn náà. "Màmá ní tí àwọn ọkùnrin yìí bá jẹ́ olùyọ̀ǹda, kí ni ìbọn ń ṣe lójú wọn? Wọ́n ní kí ẹ gbé tábìlì kan wá fún àwọn. Wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa wá jókòó ti àwọn, kí sójà kankan má sì wà nítòsí."

Ọ̀gágun wo mọ́tò tó rì, ó wo obìnrin náà, ó rí i pé kò sí ohun tí òun lè ṣe lójú ẹ̀. Ìbínú rẹ̀ wá ibi tí yóò bà lé. "Ìwọ," ó sọ fún Adárin, "máa lọ. Ṣebí o fẹ́ lọ." Wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún un gbayawu.

Adárin lọ dúró lábẹ́ pátákó Ẹgbẹ́ Olùyọ̀ǹda, ẹ̀wù tuntun lẹ̀ mọ́ ọn lára nínú òjò. Kò lọ, kò sì padà. "Abẹ́rẹ́ kékeré," ó ké láti ọ̀hún, "tí kì í ṣe mímì f'ádìẹ." Ẹ̀yìn Télọ̀ gbọ́ ọ kí etí rẹ̀ tó gbọ́. Ó wù ú kó yíjú. Ẹni tó pọ̀n ọ́ gba inú odò, o ò lè sọ pé kò pọ̀n ọ́. Ó dúró sórí ìlà títí ó fi kàn án, ó wọlé, ó jókòó sórí àga, ó sọ gbogbo rẹ̀: okùn, ẹsẹ̀ Bàbá, bàtà alágbẹ̀dẹ.

Nígbà tó parí, obìnrin náà wo ojú fèrèsé, ó nàka sí ẹnu ọ̀nà. Ògbufọ̀ ní, "Wọ́n ní ọkùnrin tó dúró sínú òjò yẹn ńkọ́? Ta ni?"

Télọ̀ ò wo ibẹ̀.

"Olùyọ̀ǹda ni," ó ní. "Òun nìkan ni olùyọ̀ǹda tó wà níbí."